Àkànní, jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná

Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Glasgow o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi iná mànàmáná tó ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Inú mi dùn pé o fẹ́ máa bá wọn dá sí iṣẹ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yẹn. Má tíì wá ohun tó o máa tún ṣe nínú ẹ̀ kiri. Jẹ́ kí Python ọ̀hún ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ ná, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sílé.

Orí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín kóòdù, ni kóòdù CPython (Python gan-an tí wọ́n fi èdè C kọ) wà láti 2017. Ṣe fork, ìyẹn ẹ̀dà, tìẹ níbẹ̀, kó o wá fi git clone gbé e wálé. Ìtàn iṣẹ́ náà láti 1990 ló máa bá a wá. Ìwọ tí dátà ò ni lára, gbé gbogbo ẹ̀. Àwa tí à ń ra dátà níwọ̀n-níwọ̀n, --filter=blob:none la máa ń fi kún un, kó má baà kó àwọn fáìlì àtijọ́ wá bá wa.

Tó bá jẹ́ Ubuntu lo ń lò, build-essential, àkójọ irinṣẹ́ fún kóòdù C, nìkan ò tó o. Fi libssl-dev, libffi-dev àti zlib1g-dev kún un. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, make, àṣẹ tó ń sọ kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́, ò ní pariwo. Á parí wẹ́rẹ́, wàá rò pé ó ti bọ́ sí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti máa sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé òun ò rí ohun tóun nílò fún _ssl àti _ctypes, ẹ̀yà Python méjì. Jọ̀ọ́, ka ìsàlẹ̀ yẹn! Python tí ò ní _ssl ò lè ṣí https kankan.

./configure --with-pydebug, tó ń yẹ kọ̀ǹpútà rẹ wò, ló máa ṣáájú, kí make -j4 tó tẹ̀ lé e. Pydebug yẹn ń mú kó falẹ̀, àmọ́ òun ló ń tú àṣírí àṣìṣe inú C. Tó bá jẹ́ MacBook, má jáyà tó o bá rí python.exe. Windows kọ́ ló wọlé. Fódà kan ti ń jẹ́ Python níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Mac kì í sì í sábà fìyàtọ̀ sáàárín P ńlá àti p kékeré, ni wọ́n bá fi .exe yà wọ́n. Ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an.

Ó wá ku àṣẹ tó ń dán gbogbo ẹ̀ wò, ./python -m test -j0 (./python.exe ni lórí Mac). Má gbàgbé ./ iwájú yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Python tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lo máa dán wò. Ó máa pẹ́ díẹ̀, lọ jẹun. Èyíkéyìí tó bá kùnà, kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan kóòdù, bí ayálégbé ṣe ń yẹ ògiri wò kó tó kẹ́rù wọlé, kí lándílọ́ọ̀dù má baà sọ pé ayálégbé ló là á.

Tó o bá wá fẹ́ ṣiṣẹ́, la ẹ̀ka tìẹ, má ṣe é lórí main, ẹ̀ka àgbà. Níbi PR àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà tó o bá ní kí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ wọlé, bot kan (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́) á ní kó o fọwọ́ sí CLA, àdéhùn tó fún wọn láṣẹ láti lo iṣẹ́ rẹ; tó ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní gba iṣẹ́ rẹ wọlé. Fódà Doc, níbi tí ìwé àlàyé wà, ni mo máa ní kó o ti bẹ̀rẹ̀, torí kò pọn dandan kó o kọ C níbẹ̀.

Tí configure bá kọ̀ jálẹ̀, fi config.log ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Fáìlì ọ̀hún gan-an o, má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà fún mi.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àlàmú