Kì í ṣe ẹni tó bá gbẹ nìkan ni oúnjẹ ń bá jà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àìsàn tó ń da ìjẹun èèyàn rú, inú mi dùn pé ẹ tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn ló bí mi nínú. Ọmọbìnrin kan tó gbẹ bí igi ìṣáná, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé báyìí lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀. Rárá o jàre. Irú fọ́tò yẹn ló jẹ́ kí ọdún méjì gbáko kọjá ká tó mọ ohun tó ń ṣe àbúrò mi.

Àbúrò mi ò gbẹ. Ara ẹ̀ rí bíi ti gbogbo èèyàn, ó ń bá wa jẹun, kódà ó máa ń bù kún un, tó bá wá jẹun tán á dìde wọ bàlúwẹ̀, á ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó máa dà ṣọ̀ọ̀rọ̀, àwa á ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn ìmọ́tótó o. Àṣé omi yẹn ló fi ń bo ariwo èébì. Àpá kan wà lẹ́yìn ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, lórí oríkèé, mo bi í, ó ní ògiri ló ha òun. Eyín ẹ̀ ló ń ha á, torí ìka yẹn ló ń kì bọ ọ̀fun. Dókítà eléyín ló kọ́kọ́ fura, ó rí i pé omi kíkan inú ikùn ti ń jẹ ẹ̀yìn eyín iwájú. Bẹ́ẹ̀ dókítà kan ti gbé e gun ìwọ̀n ṣáájú, ó ní kò sí nǹkan kan, kílò ẹ̀ pé!

Bulimia nìyẹn. Gerald Russell, dókítà kan ní London, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1979, ó sì mẹ́nu ba àpá ìka yẹn, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àpá náà dòní. Èèyàn á jẹ àjẹjù bí ẹni tí nǹkan ń tì lẹ́yìn, ojú á wá tì í, á fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ jáde. Àwọn mìíì ò ní bì, oògùn ìyàgbẹ́ ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n febi para wọn lọ́jọ́ kejì. Potassium inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń bá ọkàn lù déédéé, á wálẹ̀, ọkàn ò ní lù déédéé mọ́, ó sì lè dúró lójijì, lára ẹni tí ẹ ń bá ṣeré.

Ti inú fọ́tò yín ni anorexia, ìyẹn kéèyàn máa febi para ẹ̀ torí ẹ̀rù pé òun á sanra, William Gull, dókítà kan ní London, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1873. Mi ò ní ó kéré o, nǹkan oṣù á dúró, eegun á fúyẹ́, òtútù á máa mú wọn ṣáá, ó sì wà lára àìsàn ọpọlọ tó ń pààyàn jù. Ẹ má sì sọ pé kí wọ́n kàn ṣáà rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu, torí ara tí ebi ti pa pẹ́, tí oúnjẹ bá ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pa á, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́sibítù.

Àwọn tó ń jẹ àjẹjù láìbì ńkọ́? Ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, kíákíá, títí inú á fi máa dùn wọ́n, wọ́n á wá kórìíra ara wọn. Alájẹkì la máa ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ láti 2013 ni ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kà á sí àìsàn tó dá dúró. Ọkùnrin wà nínú wọn, ọkùnrin wà nínú gbogbo ẹ̀.

Àbúrò mi ti ń gba ìtọ́jú báyìí, ó ń lọ rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé òun náà ka ìwé ìròyìn yín. Ó wo fọ́tò yẹn títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i, tèmi ò tíì tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò.

Èmi ni òǹkàwé yín.