Àjàní, ilẹ̀ Ìmẹ̀sí wo ni mò ń gbọ́ yìí?

Àjàní mi,

Mo kí ẹ o, mo kí ìyàwó ẹ. Ọmọ àbúrò ẹ ló ní kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ, mo ní rárá, èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí o ò tíì gbọ́ ọ títí di òní, ó fi hàn mí lórí fóònù pé o ò fọwọ́ kàn án. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, ibi tí ọwọ́ mi bá ti ṣì, kó o bá mi fara mọ́ ọn.

Ara mi le, orúnkún nìkan ló ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti bá wa pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé. Iná ò wá láti Ọjọ́rú. Adìẹ dúdú yẹn ti pa ọmọ. Àwọn tó ń gbé ilé kejì ti kó lọ sí Òṣogbo, ọmọ yunifásítì mẹ́rin ló gba ibẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa di yunifásítì ni ilé ti di ọ̀wọ́n ní Iléṣà, ariwo wọn ò jẹ́ kí n sùn àmọ́ wọ́n ń bá mi pọn omi.

Owó oṣù tó kọjá ò wọlé. Mi ò bínú. Ẹni tí ò fowó ránṣẹ́ tó sì pè, kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ẹni tí ò fi ránṣẹ́ tí ò tún gbé fóònù, nǹkan mìíràn ló wà níkùn ẹ̀. Mo ń rò ó pé ṣé ara ẹ ò yá ni, àbí wọ́n ti lé ẹ níṣẹ́ tó ku ọdún kan kó o fẹ̀yìn tì, mo ti gbàdúrà títí. Àfi lọ́jọ́ Àìkú tí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó ní Nọ́ọ̀sì, ẹ kú oríire o, wọ́n ní ọmọ yín ti ra ilẹ̀ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ ló fẹ́ fẹ̀yìn tì sí. Mo ní àmín. Àmín ni mo ṣe o, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìtìjú ò jẹ́ kí n béèrè pé púlọ́ọ̀tì mélòó.

Ṣé bó ṣe yẹ kí n gbọ́ ọ nìyẹn?

Wọ́n ní o lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ sin ìyá ẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́ sí ẹ lára, gbogbo èèyàn ń kí ẹ, ọmọdé kan tí ò mọ̀ ẹ́ rí dọ̀bálẹ̀ fún ẹ lójú títì, o bá ní ibí yìí lo máa darúgbó sí. Ṣé o ò rí ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ ní Iléṣà ni? Àti pé ta ni kì í lọ́yàyà níbi ìnáwó? Ìlú tí wọ́n ti pa màlúù, tí wọ́n ti gún iyán, tí ẹ gbé owó Èkó dé, ẹ fẹ́ kí wọ́n le kiri ni?

Ìmẹ̀sí tó o rò pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn, ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ẹ́ débẹ̀. O ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n rán mi lọ láti ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà. Dókítà Morley, òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwọn ọmọdé n'Ímẹ̀sí lẹ́yìn tó dé Iléṣà ní 1956, ti padà sí ìlú wọn kí n tó dé, àmọ́ káàdì tó ṣe ṣì ni à ń lò, èyí tí wọ́n ń fàlà sí láti fi mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà, tí gbogbo ayé padà wá gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn ìyá á ti káàdì yẹn bọ ọ̀rá, wọ́n á há a mọ́ àjà kí òjò má kàn án. Tí wọ́n bá fi máa gbé e dé, èéfín á ti sọ ọ̀rá di dúdú, inú káàdì á sì mọ́ tónítóní. Ìlú tó lọ́yàyà ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, iṣu tí wọ́n gbé wá fún mi ò ríbi gbà. Ìwọ gan-an, ilé onílé lo máa ń jẹun sí.

Àmọ́ mo mọ òru ibẹ̀ náà. Lóru ọjọ́ kan gìrì gbé ẹ. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mò ń kọ́ àwọn ìyá lọ́sàn-án pé kí wọ́n má bẹ̀rù, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rí ṣíbí, mi ò rí àtùpà. Igbe kan ni mo ké. Ìyá tó wà ní yàrá kejì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, kí n tó ké ìkejì ó ti wọlé, ó ti gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti ń fi omi nù ẹ́ lára.

Àjàní, níbi tó o lọ ra ilẹ̀ sí yìí, ta ló máa gbọ́ ẹ lóru? Torí wọ́n ní ẹ̀yìn ìlú ni, ó kọjá gbogbo ilé, pé o ní ibi tó pa rọ́rọ́ lo fẹ́.

Bàbá kan wà, mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ọ̀gá ni ní báǹkì l'Ékòó, kì í ṣe ará ìlú yẹn, ìlú wù ú ni bí Ìmẹ̀sí ṣe wù ẹ́ yìí. Ẹ̀yìn ìlú ló kọ́lé sí, ó mọ fẹ́ǹsì tó ga ju èèyàn lọ, ó gbẹ́ bòhóòlù, ó gbé sólà sórí ilé, ó ra ajá. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́ fi í joyè. Ìyàwó ẹ̀ wá lọ tọ́jú ọmọ ní Kánádà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá yìí ní bálùwẹ̀. Iná ìta ẹ̀ ń tàn lọ́sàn-án gangan, ajá ń gbó, obìnrin tó ń din àkàrà ní oríta rí i, ó sì ní bàbá ti lọ sí Èkó ni, ebi ló ń pa ajá. Ọjọ́ kejì ni ẹni tó ń bá a roko fo fẹ́ǹsì wọlé, ó ṣì ń mí. Kò débi kan kó tó kú. Mo lọ síbi ìsìnkú yẹn, gbogbo ìlú ló jáde, alákàrà yẹn sunkún ju ìyàwó ẹ̀ lọ. Ìlú náà ò burú. Wọn ò gbọ́ ni.

Ìyàwó ẹ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí? Ó ti ń ta aṣọ l'Ékòó kó o tó fẹ́ ẹ, ta ló fẹ́ máa tà á fún lórí òkè? Ọmọ ẹ méjì wà lókè òkun, tí wọ́n bá bímọ, ìyá wọn ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ìwọ, ó sì máa pẹ́ lọ́hùn-ún. Oṣù mẹ́fà, ìwọ àti ajá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ẹ, má sọ pé kò sí, èmi ni mo wọ̀n ọ́n fún ẹ nígbà Kérésì.

Wò ó, mi ò ní kó o má gbé ìlú kékeré. Èkó yẹn ti jẹ ẹ́ tó. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń gbé gbogbo ìlú tán, àdúgbò lèèyàn ń gbé. Tí Ìmẹ̀sí náà bá ni, gba yàrá láàárín ìlú kó o tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé ìkejì, gbé ibẹ̀ láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá nígbà tí òjò ń rọ̀, tí kò sí òkú, tí kò sí ìgbéyàwó, tí gbogbo ará Èkó ti padà. Ìgbà yẹn lo máa mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Kó o ṣàìsàn díẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó pọ̀, kó o rí ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Wá ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó o bi wọ́n bóyá ó máa ń tán. Gba ọ̀nà Ẹ̀sà-Òkè wá sí Iléṣà lóru, kó o wo iye wákàtí. Òkè tó wù ẹ́ yẹn, ṣebí torí ẹ̀ ni Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtì Parapọ̀ ṣe lè fi apá ibẹ̀ ṣe ibùdó nígbà ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó tó tú. Òkè tó ń dá ológun dúró ò ní ṣí sílẹ̀ fún mọ́tò tó gbé aláìsàn.

Tó o bá sì máa kọ́ ọ, má kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ ni kó máa ṣí síta, torí tó bá ń ṣí sínú, tí èèyàn bá ṣubú sẹ́yìn ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tì í wọlé. Fẹ́ǹsì kó mọ níbàdí. Kí fèrèsé yàrá ẹ kọjú sí fèrèsé ẹlòmíràn, tí wọ́n bá ń jà kó o gbọ́, tó o bá ń wúkọ́ kí wọ́n gbọ́. Ariwo ni wọ́n ń pè é l'Ékòó.

Owó pẹ́ńṣàn ẹ ńkọ́? Tiwa àtijọ́ kọ́ lẹ̀ ń gbà mọ́, èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ni tiyín, wọn ò ní kó gbogbo ẹ̀ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, apá kan ni wọ́n máa fún ẹ, ìyókù á máa wá lóṣooṣù. Tó o bá ri apá kan yẹn sínú ìpìlẹ̀ àti fẹ́ǹsì, kí lo máa fi wọ mọ́tò wá wò mí?

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ pé kó o wá sí Iléṣà, tí ilẹ̀ bàbá ẹ wà níbẹ̀ tí koríko bò ó. Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn. Ta ló ní kẹ́ ẹ má sùn sílé bàbá yín? Èmi ni. Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀, tí wọ́n ti yàrá ẹ̀ pa, tí wọ́n gbé àpótí mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní ilé yìí kì í ṣe ilé yín, ẹ lọ síbi tí wọn ò ti mọ orúkọ yín. Ìwọ lo gbọ́ràn jù. Tó o bá wá fún ọdún Ìwúde, àárọ̀ lo máa dé, ìrọ̀lẹ́ lo máa lọ, omi ìgò ẹ lo máa gbé kiri, o ò ní fẹnu kan oúnjẹ ẹnikẹ́ni, inú mi á sì máa dùn pé ọmọ mi gbọ́n. Mi ò sọ pé irọ́ ni mo pa o, ohun tí ojú mi rí lójú mi rí. Àmọ́ àwọn tó ti ilẹ̀kùn yẹn ti kú tán. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ló ń gbé mi lọ gba oògùn ní Wesley báyìí, ó ti pẹ́, ó máa ń fún họ́ọ̀nù lójúde, màá jáde. Mi ò sọ fún ẹ rí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Nítorí náà mi ò lẹ́nu tí mo fi máa ní kó o wálé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó o lọ síbi tí ò sẹ́nì kankan torí pé mo fi ẹ̀rù èèyàn tọ́ ẹ. Ibi tó pa rọ́rọ́ tó o ń wá yẹn, mo mọ ibi tó o ti kọ́ ọ. Àbí ti ara mi ni mò ń sọ? Lóru míì tí iná ò bá sí, tí àwọn ọmọ yunifásítì wọ̀nyí bá rìnrìn àjò, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá wọ́n ti dé. Ariwo tí mò ń pè wọ́n sí náà nìyẹn.

Má jẹ̀ẹ́ kí orí ẹ fọ́ lórí ẹ̀. Ọ̀lẹ ni ẹ́ nídìí fóònù, o kì í ṣe ọmọ burúkú. Tó o bá rí i pé lóòótọ́ ni mo pariwo, gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, lẹ́yìn ìsìn, pè mí, kó o fún ìyàwó ẹ ní fóònù náà kí n gbọ́ tẹnu ẹ̀. Kó o dárúkọ ìdílé tó ta ilẹ̀ náà fún mi. Mo ṣì mọ àwọn tí mo gbẹ̀bí wọn n'Ímẹ̀sí, àwọn náà ti ń darúgbó, wọ́n á sọ fún mi tó bá jẹ́ ilẹ̀ ìjà ni, tàbí tó bá jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló tà á láìjẹ́ kí ẹbí mọ̀. Wọ́n tún lè mọ ẹni tó ní ilé tó fẹ́ tà láàárín ìlú, nítòsí ibi tá a gbé nígbà yẹn. Má san owó tó kù kí n tó dá ẹ lóhùn.

Mo ti fi èlùbọ́ lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní Ẹrẹ́jà, nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò ẹ. Gáàsì ti tán nílé o.

Èmi ni,
Màmá ẹ