Oògùn ìsoríkọ́ ń fẹ́ sùúrù àti àlàyé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Apòògùn ni mí ní agbègbè Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí dókítà kọ oògùn fún nítorí ìsoríkọ́ àti àìfọkànbalẹ̀ ni kì í lò ó dé ibi tó ti máa ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún wọn.

Àwọn oògùn bíi sertraline, fluoxetine àti escitalopram kì í ṣiṣẹ́ kíá bíi pánádóòlù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ 6, kí aláìsàn tó rí ìyàtọ̀ tó dájú. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni èébì ti lè máa gbé e, tí orí lè máa fọ́ ọ, tí oorun sì lè dá lójú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ayé ti sú tẹ́lẹ̀, tó wá jẹ́ pé ìnira oògùn ló kọ́kọ́ dé bá a, tí ará ilé sì ń sọ fún un pé oògùn wèrè ni wọ́n ń fún un lò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ìnira náà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èyí tí kò bá rọlẹ̀, pàápàá èyí tó kan ìbálòpọ̀, tí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ó lè dín ìwọ̀n oògùn kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì tó ẹni ọdún 25 gba àkíyèsí gidigidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i lọ́kàn àwọn kan nínú wọn. Kí òbí má ṣe jìnnà sí wọn lásìkò yìí, kí wọ́n sì gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí ìwà wọn bá yí padà.

Àwọn mìíràn máa ń dá a dúró nígbà tí ara bá yá. Ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n ṣì lò ó fún oṣù 6 lẹ́yìn tí ara ti yá, kí àìsàn náà má baà padà. Bí wọ́n bá sì dá a dúró lójijì, òòyì lè kọ́ wọn, kí inú máa bí wọn láìnídìí. Dókítà ló gbọ́dọ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èyí kò sọ ọ́ di oògùn tí í di bárakú bíi diazepam, tí àwọn kan ń rà láìsí ìwé dókítà. Ẹni tó bá ń lo tramadol tàbí àgbo pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wa, torí pé tramadol àti oògùn yìí lè ṣe ara ní jàǹbá bí wọ́n bá pàdé.

Ìbàdàn yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti kọ́ni nípa ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Yunifásítì, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì náà, sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní. Mo bẹ ẹ̀yin Olóòtú kí ẹ fún àwọn dókítà ibẹ̀ láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti máa dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé, mo sì bẹ àwa apòògùn kí a máa ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà fún aláìsàn kó tó gba oògùn kúrò lọ́wọ́ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Apòògùn kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn