Àkìbọ̀ ní èdè Yorùbá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo. WebGoat là ń lò, ìkànnì tí OWASP, àjọ tó ń rí sí ààbò ìkànnì, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní kùdìẹ̀-kudiẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí yóò fọ́ láìfọwọ́ kan ilé onílé.

Ẹ̀kọ́ SQL injection sú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. SQL ni èdè tí ìkànnì fi ń bá àkójọ ìsọfúnni rẹ̀ sọ̀rọ̀; injection ni kí àlejò fi àṣẹ tirẹ̀ há ọ̀rọ̀ náà láàárín. Àdàkọ lásán ni wọ́n ń ṣe. Ni mo bá túmọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ pe injection, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àkìbọ̀ la wá fẹnu kò sí. Mo ní, "Wọ́n bi ọ́ lórúkọ, o wá ki àṣẹ bọ inú ìdáhùn." Wọ́n tẹ Smith' OR '1'='1 sínú àpótí ìdáhùn, ìyẹn ni pé "Smith, tàbí kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan", èyí tó máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo; owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ àfarawé inú WebGoat sì tú jáde. Ọmọbìnrin kan pariwo: "Ẹ̀rọ yìí mà gọ̀ o! Ọ̀rọ̀ àlejò ló gbà bí àṣẹ ọ̀gá rẹ̀." Lọ́jọ́ náà gan-an ló yé wọn ìdí tó fi yẹ kí a ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àlejò tẹ̀.

Àwọn kan ní olè là ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ihò kò lè dí i. Irú ihò yìí kan náà ni àwọn olè orí ẹ̀rọ gbà wọ TalkTalk, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Britain, lọ́dún 2015. Àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni aráàlú níbẹ̀ bu owó ìtanràn £400,000 lé ilé iṣẹ́ náà lọ́dún kejì.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin la ti túmọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá igun kékeré kan lójú ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín.

Olùkọ́ kan,
Òṣogbo