Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Kí Ló Pa Ikemefuna?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà níléèwé girama ní Abẹ́òkúta níbí,

Oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ kan ládùúgbò wa ní Ìbarà, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa, ni WAEC fagi lé èsì ìdánwò rẹ̀. Expo ni. Ìyá rẹ̀, aládìrẹ ní Ìtòkú, ló wá sunkún sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí wọ́n bá mi pe ọmọ náà wá. N kò bú u. Mo kàn bi í léèrè nípa ìwé tí olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kà, Things Fall Apart, ìtàn tí Chinua Achebe kọ nípa Okonkwo, ọkùnrin Ìgbò kan, àti Ikemefuna, ọmọ tó ń gbé nílé rẹ̀. Mo ní, "Ta ló pa Ikemefuna?" Kíá ló dáhùn: "Okonkwo ni, bàbá." Mo ní, "Kí ló dé tó fi pa á?" Ó dákẹ́. Kò ka ìwé náà rí. Àkékúrú rẹ̀ lórí fóònù ló kà.

Ìdákẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju èsì tí wọ́n fagi lé lọ. WAEC ṣeé tún ṣe.

Ní 1958 ni Achebe gbé ìwé yẹn jáde, Nàìjíríà ò tíì gbòmìnira. Nígbà tí àwa ń kà á, ìwé kò kárí, ńṣe là ń korí jọ sí ẹyọ kan. Tíṣà wa ò kọ nǹkan kan sójú pátákó lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí tábìlì, ó ṣí orí keje, ó ń kà á sókè. Ikemefuna ń rìn lọ nínú igbó, ìkòkò ẹmu wà lórí rẹ̀, ó ń kọ orin ọmọdé kan nínú ọkàn. Bí orin náà bá parí sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, a jẹ́ pé ìyá òun ṣì wà láàyè. Ó parí sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń mú un lọ ṣá a. Ó sáré tọ Okonkwo, ó ń pè é ní bàbá. Okonkwo yìí, tí àgbà kan ti kìlọ̀ fún pé kó má lọ́wọ́ nínú ikú ọmọ tó ń pe òun ní bàbá, fa àdá yọ. Ẹ̀rù ló ń bà á, kí wọ́n má baà pe òun ní ojo.

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹni tó lágbára jù nínú wa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Mo bi ọmọ Ìbarà yìí pé kí ló wá gbé e dé ìdí expo, òun tó mọ̀wé. Ó ní gbogbo wọn ló ń gbà á, pé bí òun bá kọ̀, wọ́n á ní súẹ̀gbẹ̀ ni òun. Ṣé ẹ gbọ́? Ohun tó mú Okonkwo fa àdá yọ ló mú ọmọ yìí gbé fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó sì wà nínú ìwé tí wọ́n ní kó kà!

Àbí kí lẹ rò pé olùkọ́ fi ní kí ẹ kà á? Kí ẹ lè há orúkọ sórí? Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná! Ní ìparí ìwé náà, Okonkwo pokùn so, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì ń rò ó pé bóyá ìpínrọ̀ kan tó fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé tí òun fẹ́ kọ. Odidi ayé ọkùnrin, ìpínrọ̀ kan! Ohun tí àkékúrú ń ṣe fún yín gan-an nìyẹn, ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlú yìí kọ́ ló yẹ kí ìwé ti máa súni. Níbí ni Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti dá Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, sílẹ̀ ní 1859. Níbí ni wọ́n bí Tutuola òǹkọ̀wé sí. Kò dé kíláàsì tí ẹ wà yìí kó tó jáwọ́ níléèwé, síbẹ̀ wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Aké ni Ṣóyínká gbé ṣe kékeré.

Ẹ ka Fágúnwà náà o, n kò ní kí ẹ pa á tì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé Achebe dẹ́rù bà yín, kò le. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ fò ó, ìtàn á gbé yín lọ.

Ẹ̀yin òbí, owó tí ẹ ń dá fún àwọn tó ń bá ọmọ yín wá expo, ó ju owó ìwé lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, owó oṣù ò sì tó nǹkan. Ẹ ṣáà bá mi ka orí keje yẹn sókè fún wọn kí ṣọ́ọ̀kì tó kan pátákó. Bí wọ́n bá béèrè pé ṣé ó máa jáde nínú ìdánwò, ẹ ní kí wọ́n jókòó, kí ẹ máa kà á lọ.

Èmi ni, bàbá yín.