Ẹ Má Sanwó Fún Ẹni Tó Lóun Yóò Bá Yín Wá Ààyè PhD

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Camp ni àwọn alágbàtà ń lẹ ìwé mọ́ òpó iná pé kí ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mówó wá, àwọn á bá a gba ààyè PhD lókè òkun. PhD nínú ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọjà. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ló sábà máa ń san owó ilé-ìwé, á sì tún máa fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó oṣù. Ní Jámánì, iṣẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Owó fọ́ọ̀mù pàápàá, ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà a máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó bá tètè bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ti san án tán, ó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ wa ń dà pọ̀. Amẹ́ríkà ń gba ẹni tí kò tíì ní ju dìgírì àkọ́kọ́ lọ pàápàá. Ìgbìmọ̀ ló sábà ń mú ọmọ níbẹ̀, á wá yí ká láàbù bíi mẹ́ta lọ́dún àkọ́kọ́ kó tó mú ọ̀gá kan. Kéèyàn wá máa bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣáá pé kó gba òun wọlé, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi. Ti Jámánì yàtọ̀: máàsítà ni wọ́n sábà ń bèèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sì máa ń yan ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni kíkọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n ti wúlò.

Irú lẹ́tà wo? "Mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, ìwádìí yín sì wù mí," tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọgọ́ta èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn. Ẹ wo èyí: "Mo yọ DNA nínú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ 120. PCR kọ̀ lára 18, nítorí ìgò tó ní heparin la fi gba ẹ̀jẹ̀ wọn, heparin a sì máa dí PCR lọ́wọ́. A tún un gbà sínú ìgò EDTA, ó ṣiṣẹ́." (PCR ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀; heparin àti EDTA ni èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.) Àṣìṣe yẹn gan-an ló fi hàn pé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti kan iṣẹ́.

Ẹ má sì kọ ọ́ pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì nínú láàbù bí ẹ ò bá ṣe é rí. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn ń fẹ́ ooru 37°C àti CO2 ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tọ̀sán-tòru. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Ìbéèrè kan péré tó láti tú àṣírí: báwo lo ṣe máa mọ̀ pé mycoplasma, bakitéríà kékeré kan, ti wọ sẹ́ẹ̀lì rẹ? Ẹni tí kò ṣe é rí á ní omi tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ á dà rú. Bakitéríà mìíràn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mycoplasma kì í da omi rú, ó kéré ju ohun tí maikirosíkópù lásán lè rí lọ, pẹnisilíìnì ò sì ràn án, torí kò ní ògiri sẹ́ẹ̀lì tí oògùn náà ń bà jẹ́. Àfi kí wọ́n fi PCR tàbí àyẹ̀wò pàtàkì mìíràn wá a.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà ń tì. Kí ẹni tó ń retí transcript, ìwé èsì ìdánwò láti yunifásítì rẹ̀, ti bèèrè rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ.

Ẹni tí àrùn bá jẹ lógún kò tilẹ̀ ní láti kọjá òkun. WACCBIP, ilé ìwádìí nípa sẹ́ẹ̀lì àti kòkòrò àrùn, wà ní Legon, ní Gánà, láti ọdún 2014. ACEGID, ilé ìwádìí nípa jínóòmù àrùn, sì wà nítòsí, ní Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti ka jínóòmù (gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá) kòrónà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2020.

Òǹkàwé yín,
Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta.