Lẹ́tà sí ọmọ mi tó fẹ́ máa sin adìẹ ìran àtijọ́

Ọkọ mi, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le, ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀. Mo rí àwòrán ẹ̀yìnkùlé tí o fi ránṣẹ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka orúkọ àwọn adìẹ tí o fẹ́ rà: Rhode Island Red mẹ́rin, Plymouth Rock mẹ́rin, Sussex mẹ́rin, Orpington mẹ́rin, Brahma mẹ́rin. Ogún adìẹ, ìran márùn-ún, nínú ọgbà tí kò ju yàrá méjì lọ! O ní ẹwà wọn ló wù ọ́. Ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n bí o bá kó wọn pọ̀ sójú kan báyìí, tí wọ́n ń gun ara wọn, kò ní ju ọdún méjì lọ tí ìran márùn-ún náà á fi dà rú mọ́ ọ lọ́wọ́, tí o ò sì ní ní ẹyọ kan tó pé.

Adìẹ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tà, wọ́n ti lú ìran bíi mélòó kan pọ̀ kí wọ́n tó rí i. Ó ń yé dáadáa, tàbí kó tètè sanra, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n mú ọmọ lára rẹ̀ kí o rí i: ọ̀kan á ga, ọ̀kan á kúrú, ọ̀kan á máa yé, ìkejì á máa wò ọ́. Ìwọ náà á tún padà lọ rà lọ́dún tó ń bọ̀. Adìẹ ìran àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á jọ ọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á jọ ọ́. Ní tèmi, ẹwà tó ní gan-an nìyẹn; àwọ̀ kàn jẹ́ ẹ̀bùn ni. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, The Livestock Conservancy, tó ń dáàbò bo irú àwọn ẹran ọ̀sìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a tó pe adìẹ ní ti àtijọ́, akọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gun abo fúnra rẹ̀, àgbébọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúlò fún ọdún 5 sí 7, àkùkọ fún ọdún 3 sí 5, kò sì gbọdọ̀ tóbi tó pípa kó tó pé ọ̀sẹ̀ 16. Adìẹ ẹlẹ́ran ti ilé iṣẹ́ ti wọ ìkòkò ní ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé tìrẹ ń lọ́ra, dá a lóhùn pé o mọ̀.

Ìran kan ṣoṣo, ọmọ mi. Bí ibi tí ẹ wà bá ń tutù débi tí omi ń dì, má mú èyí tí ogbe orí rẹ̀ tóbi, òtútù á jẹ ẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ibi tó ń mú ooru, ogbe ńlá yẹn gan-an ló fi ń lé ooru jáde, Orpington tó wọ ìyẹ́ bí ẹni wọ aṣọ mẹ́ta sì máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi á ní kí o mú Rhode Island Red, torí òun ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n la ojú rẹ. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń ta adìẹ aláwọ̀ bíríkì tó fúyẹ́ káàkiri, tí wọ́n ti yàn fún ẹyin nìkan fún ọdún gbọọrọ. Èyí tí mò ń sọ, tí American Poultry Association, ẹgbẹ́ tó ń sọ bí ìran adìẹ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí ní Amẹ́ríkà, ti gbà wọlé láti ọdún 1904, pupa rẹ̀ ń lọ sí dúdú, ara rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àgbébọ̀ rẹ̀ sì ń tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n fi ìyá àti bàbá wọn hàn ọ́. Ẹni tí kò bá lè fi ìyá hàn ọ́, kó gbé ọmọ rẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ àkùkọ ńkọ́? Nínú òròmọdìẹ 12 tí àgbébọ̀ bá pa, bíi mẹ́fà ló máa jẹ́ akọ, o ò sì nílò ju ẹyọ kan lọ fún àgbébọ̀ 8 sí 10. Bí gbogbo wọn bá ti ń kọ, tí wọ́n ń jà, tí ẹ̀yìn àwọn àgbébọ̀ ti pá nítorí àgùnjù, ìgbà yẹn kọ́ ló yẹ kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ jókòó sọ ọ́ nísinsìnyí: ṣé ẹ máa pa wọ́n jẹ ni, àbí ẹ máa tà wọ́n? Bí ọkàn yín ò bá gba èyíkéyìí, ẹ ra àgbébọ̀ nìkan kí ẹ máa jẹ ẹyin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín pẹ̀lú, torí ìlú mìíràn kì í gba àkùkọ láàyè nítorí ariwo. Àti pé, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àwọn ọmọ fún akọ kankan lórúkọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 16. Mo mọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí ìwọ náà wà lọ́mọdé.

Nínú àwọn tó bá kù ni o ti máa yàn. Má yàn wọ́n lọ́sàn-án, tí wọ́n ń sáré kiri tí ẹwà ń fọ́ ọ lójú. Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí wọ́n ti gun igi ìsùn wọn. Adìẹ kì í bá èèyàn jìjàdù nínú òkùnkùn. Fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé e lábẹ́ àyà, kí orí rẹ̀ kọjú sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ, kí ìka ọwọ́ ọ̀tún sì wá egungun méjì tó ṣe ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀. Èyí tó ń yé, ìka méjì sí mẹ́ta á wọ àárín egungun náà, ihò rẹ̀ á fẹ̀, á ní ọ̀rinrin. Èyí tí kò yé, agbára káká ni ìka kan fi máa wọ̀ ọ́, gbogbo ibẹ̀ á gbẹ, á sún kì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìran tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, bó bá ti ń yé, inú ẹyin ni àwọ̀ yẹn ń lọ: ihò ìdí ló kọ́kọ́ ń funfun, ojú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹnu, ẹsẹ̀ ni ìgbẹ̀yìn. Àgbébọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dán yanran lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó yẹ kó ti máa yé, ọ̀fẹ́ ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ.

Ẹyin àgbébọ̀ tó ti wọ ọdún kejì ni kí o máa gbé fún ìsàba bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí òun ti kọjá àìsàn, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ṣì wà láàyè. Èyí tí o fi oògùn gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, jẹ ẹyin rẹ̀, má pa ọmọ lára rẹ̀. Àkùkọ tó bá ń lé ọmọdé kiri, bó ti wù kó rẹwà tó, ọbẹ̀ ni.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó dójú tì mí. Ní ọdún kan, mo yá àkùkọ Brahma ládùúgbò, nítorí mo fẹ́ wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa tóbi tó. Ó lo oṣù kan, mo dá a padà, mo fi àkùkọ tèmi rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyin jọ, ọkàn mi balẹ̀ pé ti àkùkọ tuntun ni. Ọjọ́ 21 pé, wọ́n pa. Òròmọdìẹ mẹ́rin jáde tòun ti ìyẹ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀! Àgbébọ̀ mi, ẹsẹ̀ wọn mọ́ féfé. Àkùkọ mi náà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ló rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé àgbébọ̀ máa ń tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa ń dúró lẹ́yìn tí mo bá pààrọ̀ akọ, kí n tó gbé ẹyin kan sọ́tọ̀.

Tó bá di ọdún kẹta, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí sún mọ́ra, bàbá á máa gun ọmọ tó bí. Ẹyin tí kò lè di ọmọ á pọ̀, òròmọdìẹ á máa kú sínú èèpo. Ohun tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n á pín agbo sí ìdílé mẹ́ta, pẹ̀lú òrùka ẹsẹ̀ pupa, funfun àti búlúù. Ọmọ yòówù, akọ tàbí abo, òrùka ìyá rẹ̀ ló ń wọ̀. Abo á dúró sí ìdílé ìyá rẹ̀. Akọ pupa á lọ sọ́dọ̀ àwọn funfun, funfun sọ́dọ̀ búlúù, búlúù sọ́dọ̀ pupa. Àyè rẹ ò gba mẹ́ta, mo mọ̀. Wá ẹnì kan tó ń sin ìran kan náà, kí ẹ máa pààrọ̀ akọ lọ́dọọdún.

Bí adìẹ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn bá sì dé, ọgbọ̀n ọjọ́ ni kó fi dá wà, jìnnà sí tìrẹ, kí o máa bọ́ tìrẹ ná kí o tó bọ́ ọ. Á máa ké, á máa fi orí gbá wáyà. Wọ́n kúkú ní mo gba adìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní mi ò jẹ́ kí òun jẹ̀ ní ààtàn. Mi ò fetí sí i mọ́. Adìẹ méje ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ẹyọ kan ṣoṣo tí mo káàánú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Ní ti ilé wọn: adìẹ ńlá kan fẹ́ nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta mítà onígun mẹ́rin nínú ilé, kò kúkú burú bó bá tó ìdajì, àti bíi mítà onígun mẹ́rin kan nínú ọgbà. Ṣírò ogún rẹ yẹn wò. Igi ìsùn gbọ́dọ̀ ga ju ìtẹ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ìtẹ́ ni wọ́n á máa sùn, tí wọ́n á sì máa yàgbẹ́ sí ẹyin. Nẹ́ẹ̀tì adìẹ lásán ń dá adìẹ dúró ni, kò lè dá eku tàbí ajá dúró; ra wáyà tó le, tí ojú rẹ̀ kéré. Lóṣooṣù, tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, mú tọ́ọ̀ṣì àti bébà funfun, kí o fi bébà náà nu abẹ́ igi ìsùn. Bí ìlà pupa bá yọ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ adìẹ rẹ ni, iná, kòkòrò kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ lóru, ló mu ún. Inú ihò igi ni wọ́n máa ń sá sí lọ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí o fi lè wo adìẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìrí ẹyọ kan. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ti abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn lùkúlùkú àti àwọn yòókù, dókítà ẹran tó bá wà nítòsí yín ni kí o bi.

Mo ti ya ẹyin 12 sọ́tọ̀ fún ọ, láti ara àwọn àgbébọ̀ ọdún kejì mi. Mi ò fọ̀ wọ́n. Ṣóńṣó wọn wà nísàlẹ̀ nínú páálí, níbi tó tutù díẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti lo ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá kọjá méje, agbára wọn á bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Àgbébọ̀ kan ti ń sàba lórí ẹyin onírọ́ láti àná, ó ń sán ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí i. Bí o bá gbà pé ìran kan ṣoṣo ni, pè mí kí ọjọ́ Àìkú tó kọjá, n óò kó wọn sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí o kò bá pè, bàbá rẹ ti ń yọjú wo páálí yẹn láràárọ̀, epo sì wà nílé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ